Nígbà Tí Àrùn Méjì Bá Jọ Wọ̀lú

Ẹni tí kòkòrò ikọ́ ife ti ń sùn nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láti kékeré lè kó HIV nígbà tó bá dàgbà. Ẹni tó ní HIV lè máa gbé ní etí odò tí ẹ̀fọn kì í jẹ́ kí èèyàn sùn, kí ibà sì máa dá a wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ àrùn kọ̀ọ̀kan sí, yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó, owó tí wọ́n fi ń gbógun tì í sì máa ń ti àpò ọ̀tọ̀ wá. Ṣùgbọ́n inú ara kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Èyí tó kọ́kọ́ dé lè ṣílẹ̀kùn fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè tì í mọ́ ọn lójú. Ẹ̀ka kan wà nínú ìmọ̀ ìṣirò tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe ṣí tó, kí ó sì ṣírò ohun tí ìyẹn yóò dá sílẹ̀ láàárín odidi ìlú.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àwòṣe ìṣirò kò ju pé kí èèyàn fi nọ́ńbà ya àwòrán ìlú lọ. Ìlú náà dà bí agbo ilé tó ní yàrá púpọ̀. Ipò tí èèyàn wà sí àrùn ló ń pinnu yàrá tó ń gbé. Ilẹ̀kùn wà láàárín yàrá àti yàrá, ìṣirò sì ń sọ iye èèyàn tó ń gba ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kọjá lójúmọ́ tàbí lọ́dún.

Àrùn ẹyọ kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣírò báyìí. Ronald Ross, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, rí i ní 1897 pé ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà kiri, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902. Nígbà tó ní kí wọ́n máa pa ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ní asán ni, nítorí pé kò sí ẹni tó lè pa ẹ̀fọn tán. Ìṣirò ni Ross fi dá wọn lóhùn nínú ìwé tó ṣe lórí dídènà ibà ní 1910: bí ẹ̀fọn bá ti dín kù dé ìwọ̀n kan, ibà kò ní rí ọ̀nà ràn tó mọ́, yóò sì máa kú lọ fúnra rẹ̀, bí ẹ̀fọn tilẹ̀ ṣì ń fò káàkiri. Ní 1927, William Kermack àti Anderson McKendrick ní Edinburgh sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo àrùn tó ń ràn. Ìjàǹbá inú láàbù ti fọ́ ojú Kermack méjèèjì ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, orí ló fi ń ṣe ìṣirò tí ẹlòmíràn kò lè ṣe láìsí tákàdá. Yàrá mẹ́ta ni wọ́n kọ́: ti ẹni tí àrùn lè mú, ti ẹni tó ń ṣe lọ́wọ́, àti ti ẹni tó ti bọ́ níbẹ̀, yálà ó yè tàbí ó kú. Wọ́n gbé ìṣirò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn pa ní Bombay ní 1905 sí 1906, àwọn méjèèjì sì bára mu dáadáa.

Láti ibẹ̀ ni òǹkà kan ti jáde tí gbogbo oníṣẹ́ yìí ń lò títí dòní: iye èèyàn tí aláìsàn kan yóò ràn kí òun tó bọ́ níbẹ̀, bó bá jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tí ara rẹ̀ mọ àrùn náà nínú ìlú. Bí òǹkà ìràn yìí bá ju 1 lọ, àrùn náà yóò gbilẹ̀. Bí kò bá tó 1, yóò máa kéré sí i títí yóò fi parẹ́. Ti èéyi sábà máa ń wà láàárín 12 sí 18, ìdí nìyẹn tí ọmọ kan ṣoṣo fi lè kó o ran odidi kíláàsì.

Bí àrùn kan bá gba yàrá mẹ́ta, yàrá mẹ́sàn-án ni àrùn méjì gbà, kì í ṣe mẹ́fà, nítorí pé ipò kọ̀ọ̀kan nínú èkíní lè bá ipò kọ̀ọ̀kan nínú èkejì pàdé lára ẹnì kan. Kí a mú ikọ́ ife àti HIV wò. Ikọ́ ife gba yàrá mẹ́rin ó kéré tán: ẹni tí kòkòrò rẹ̀ kò tíì wọ̀ lára, ẹni tó wọ̀ lára tí kòkòrò sì ń sùn, ẹni tó ń hú ikọ́ lọ́wọ́, àti ẹni tó ti lo oògùn tán. HIV gba mẹ́ta: ẹni tí kò ní in, ẹni tó ní in tí kò lo oògùn, ẹni tó ń lo oògùn. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta jẹ́ méjìlá. Bí àrùn méjèèjì kò bá kan ara wọn rárá, yàrá méjìlá yẹn kò wúlò fún ohunkóhun, ó tó kí a ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ohun tó mú kí wàhálà náà tọ́ ni pé ilẹ̀kùn kan náà, èyí tí èèyàn ń gbà kúrò ní yàrá ìsùn bọ́ sí yàrá ìwúkọ́, fẹ̀ gan-an fún àwọn tó ní HIV, ó sì há fún àwọn yòókù.

Ìṣirò yìí ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn méjèèjì yìí. Robert Koch ló fi kòkòrò ikọ́ ife han ayé ní 1882, lónìí sì rèé, àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èèyàn ayé ni kòkòrò náà ti wọ̀ lára. Púpọ̀ jù nínú wọn kò ní ṣàìsàn láéláé, nítorí pé agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ti yí kòkòrò náà ká. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó wọ̀ lára, ẹnì kan péré tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni yóò dá wólẹ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀. Agbára ara yìí gan-an ni HIV máa ń bà jẹ́. Ẹni tí àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀ tí kò lo oògùn HIV lè ní ewu ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ́dọọdún. Ohun tó jẹ́ ewu ọjọ́ ayé fún ẹnì kan ti di ewu ọdún kan fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, kí nọ́ńbà náà lè hàn kedere. Àgbàlagbà 1,000 ní ìlú náà ni kòkòrò ikọ́ ife ti ń sùn lára wọn ọjọ́ ti pẹ́. HIV wà lára 50 nínú wọn, kò sí lára 950. Lọ́dún kan, nínú àwọn 950 tí ara wọn le, bí ẹnì kan nínú 1,000 ni kòkòrò náà máa ń jí lára rẹ̀, nítorí náà aláìsàn tuntun kan ni kí wọ́n máa retí. Nínú àwọn 50, ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ́ márùn-ún. Aláìsàn mẹ́fà ló jáde lọ́dún náà, márùn-ún sì ti inú àwọn 50 wá. Bí olórí ìlera ìlú náà bá kàn ń wo ìwé ikọ́ ife nìkan, yóò rí i pé àrùn ti lé sí i, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ìyẹn kò tíì sọ nípa àwọn tí aláìsàn mẹ́fà náà yóò ràn. Kí a sọ pé aláìsàn kan tí kò tíì rí ìtọ́jú ń kó kòkòrò náà bá èèyàn mẹ́wàá, tí ẹnì kan nínú mẹ́wàá yẹn sì wá ṣàìsàn. Òǹkà ìràn jẹ́ 1 géérégé: àrùn náà dúró sójú kan, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Kí a wá gbé HIV wọ ìlú náà, kí ó wà lára ẹni méjì nínú mẹ́wàá, kí ìdajì àwọn tó ní in tí kòkòrò ikọ́ ife wọ̀ lára sì máa ṣàìsàn. Mẹ́jọ tí kò ní HIV yóò mú 0.8 wá, méjì tó ní in yóò mú 1 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.8. Kòkòrò ikọ́ ife kò yí padà, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ àrùn tó ti dúró jẹ́ẹ́ ti di àjàkálẹ̀.

Ìṣirò gidi kì í rọrùn tó báyìí, níbi tí kò ti rọrùn yẹn ni ẹwà iṣẹ́ náà sì wà. Ẹni tó ní HIV tó wá ń hú ikọ́ ife kì í sábà ní kòkòrò púpọ̀ nínú itọ́ rẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn, bí kò bá sì rí ìtọ́jú, ikú máa ń tètè mú un kí ó tó ran ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun méjèèjì fa òǹkà náà sílẹ̀ díẹ̀. Nǹkan ìbànújẹ́ ni pé ikú èèyàn ló ń dín ìràn kù nínú tákàdá, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun tí àwòṣe sọ ni ojú rí ní gúúsù àti ìlà oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1990: àwọn orílẹ̀-èdè tí ètò ìtọ́jú ikọ́ ife wọn dára rí àrùn náà tó ń ga sí i lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Maputo, wọ́n sì kéde ikọ́ ife ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo Áfíríkà.

Ibà àti HIV ṣòro ju ìyẹn lọ láti rí, nítorí pé ibà ń wá, ó sì ń lọ. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Màláwì fi hàn pé bí ibà bá mú ẹni tó ní HIV, iye kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kí ó tó padà sí bó ṣe wà. Kí ni ìyẹn já mọ́ fún ẹlòmíràn? Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti Rakai ní Uganda, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé tọkọtaya 415 tí ẹnì kan ní HIV tí ẹnì kejì kò ní in. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2000, fi hàn pé bí iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ewu kí ó ran ẹnì kejì máa ń lọ sókè ní ìlọ́po 2.45.

Laith Abu-Raddad, Padmaja Patnaik àti James Kublin so àwọn ìwádìí wọ̀nyí pọ̀ nínú àwòṣe kan tí wọ́n gbé jáde ní 2006. Ìlú Kisumu, ní etí adágún Victoria ní Kẹ́ńyà, ni wọ́n fi ṣe é, ibi tí ibà pọ̀ sí tí HIV náà sì pọ̀ sí. HIV ń jẹ́ kí ibà tètè mú èèyàn, ibà ń jẹ́ kí HIV tètè ràn, ọ̀kan ń ti èkejì síwájú. Lára nǹkan bí àgbàlagbà 200,000 ní agbègbè náà, ìṣirò wọn sọ pé láti 1980, àjọṣe àrùn méjèèjì lè ti fi èèyàn 8,500 kún àwọn tó kó HIV, kí ó sì ti fi ibà 980,000 kún ibà tí ì bá mú wọn. Bí wọ́n bá pín ibà yẹn káàkiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà márùn-ún fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò sí dókítà kan tó lè jókòó sí ilé ìwòsàn kí ó tọ́ka sí èyí tó jẹ́ àfikún nínú àwọn ibà wọ̀nyẹn. Ibà kan jọ ibà kejì. Ìfiwéra ìlú tí àrùn méjèèjì jọ wà pẹ̀lú ìlú inú ìṣirò tí wọn kò ti kan ara wọn nìkan ló lè gbé e jáde, agbára tí àwòṣe ní tí ohun mìíràn kò ní nìyẹn.

Àkókò pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Àrùn flu àti òtútù àyà jẹ́ ẹ̀rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ flu wọ Èkó, bó ti gbé e wọ ọ̀pọ̀ èbúté ayé. Àwọn tó yẹ ẹ̀dọ̀fóró òkú ìgbà náà wò lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọdún rí i pé kòkòrò òtútù àyà tó tẹ̀ lé flu wọlé ló pa púpọ̀ jù nínú wọn. Àwòṣe kan tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láti Illinois ní Amẹ́ríkà ṣe, tó jáde ní 2013, sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: flu máa ń sọ ewu òtútù àyà di nǹkan bí ìlọ́po 100, ṣùgbọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹni tó bá ń ka àrùn lóṣooṣù kò ní rí ọ̀sẹ̀ kan yẹn, yóò sì sọ pé àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ kan ara wọn.

Àwọn àrùn kan sì wà tó ń lé ara wọn sẹ́yìn. Nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ láti àwọn ìlú ńlá Yúróòpù, Pejman Rohani àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọdún tí èéyi bá gbóná, ikọ́ líle àwọn ọmọdé sábà máa ń rọlẹ̀. Kòkòrò méjèèjì kò jọra, ara tó mọ ọ̀kan kò mọ èkejì. Ohun tó fà á rọrùn débi pé ó yani lẹ́nu: ọmọ tí èéyi dá dùbúlẹ̀ nílé kò lọ sí ilé ìwé, kò sì sí níbi tí ikọ́ líle ti ń ràn. Inú ètò ìgbé ayé àwọn ọmọ ni àrùn méjèèjì ti pàdé.

Ìwọ̀n 1 tó rọrùn láti lò kì í fìgbà gbogbo tó. Oluwaseun Sharomi àti Abba Gumel, àwọn onímọ̀ ìṣirò ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú Chandra Podder àti Baojun Song, gbé àwòṣe ikọ́ ife àti HIV jáde ní 2008. Wọ́n rí i pé, kódà fún ikọ́ ife nìkan, ó ṣeé ṣe kí òǹkà ìràn lọ sí abẹ́ 1 kí àrùn náà má sì kúrò nílẹ̀. Bí iná igi tútù ló rí: ó ṣòro láti dá, ṣùgbọ́n tó bá ti ràn tó sì ti gbóná, afẹ́fẹ́ tí kò tó láti dá a lè tó láti mú kí ó máa jó lọ. Nítorí náà, ìlú tí àrùn ti fìdí múlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ fa òǹkà náà wálẹ̀ gan-an ju ìlú tí àrùn kò tíì dé lọ.

Èsì kejì tí wọ́n rí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pín owó ìlera mọ̀. Bí oògùn kò bá tó, èèyàn lè rò pé àwọn tí àrùn méjèèjì jọ ń ṣe ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, nítorí pé ìyà wọn ló pọ̀ jù. Ìṣirò wọn sọ òmíràn: bí ìtọ́jú bá kéré, fífi gbogbo rẹ̀ sí àwọn oní-méjì nìkan ló ń dín àrùn tuntun kù díẹ̀ jù lọ. Títọ́jú HIV nìkan ń dín iye àwọn tí yóò ní méjèèjì kù ju títọ́jú ikọ́ ife nìkan lọ, títọ́jú gbogbo ènìyàn sì dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé yàrá àwọn oní-méjì kì í kún láti inú ara rẹ̀, àwọn yàrá tó yí i ká ló ń tú èèyàn sí i. Ẹni tó ń gbá omi inú ilé tí kò dí ojú ibi tí òrùlé ti ń jò yóò gbá omi títí. Èyí kò sọ pé kí wọ́n fi aláìsàn kan sílẹ̀ láìtọ́jú o. Iye àrùn tuntun ni àwòṣe náà ń kà, ẹ̀tọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ sí oògùn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìṣirò kì í dá.

Àwòṣe kò lè gbọ́n ju nọ́ńbà tí wọ́n fi bọ́ ọ lọ. Ní Garki, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kánò nígbà náà tó sì wà ní Jigawa báyìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ ibà kan láti 1969 sí 1976. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé yẹ̀ wò léraléra, wọ́n ń ka ẹ̀fọn, wọ́n fín oògùn apẹ̀fọn sínú ilé, wọ́n pín oògùn ibà fún tọmọdé tàgbà. Ibà dín kù púpọ̀, kò tán, ó sì padà wá nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n láti inú iṣẹ́ yẹn ni Klaus Dietz, Louis Molineaux àti A. Thomas ti ṣe àwòṣe ibà tí wọ́n gbé jáde ní 1974, àwọn onímọ̀ ṣì ń padà sídìí àkọsílẹ̀ Garki títí di òní. Ní ti HIV, wọ́n ti ń fi 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò fún àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà kí ìwádìí ojúlé dé ojúlé ti 2018 tó fi hàn pé 1.4 ni fún àwọn ẹni ọdún 15 sí 49. Àwòṣe ikọ́ ife àti HIV tí wọ́n bá fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe fún Nàìjíríà yóò fi yàrá àwọn tó ní HIV hàn ní ìlọ́po méjì bó ṣe tóbi.

Àrùn méjì tún lè kan ara wọn láì jọ wọ ara ẹnì kan. Ní 2020, nígbà tí COVID ti ilé ìwòsàn pa, tó dá pínpín àwọ̀n ẹ̀fọn dúró, tí ẹni tó ń wúkọ́ sì ń bẹ̀rù láti jáde lọ ṣe àyẹ̀wò, àwọn onímọ̀ Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ṣírò ohun tí èyí lè fà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn mẹ́ta náà pọ̀ sí. Láàárín ọdún márùn-ún, ikú HIV lè fi tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ti ikọ́ ife 20, ti ibà 36, ju bí ì bá ti rí láìsí COVID lọ. Kòkòrò COVID kò ní láti fara kan ẹni tí ibà pa.

Láti 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n so ìtọ́jú ikọ́ ife àti ti HIV pọ̀: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ikọ́ ife wò fún HIV, kí wọ́n sì máa bi ẹni tó ní HIV léèrè nípa ikọ́ nígbàkúùgbà tó bá wá. Ní 2015, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de kí ara rẹ̀ rẹlẹ̀, nítorí pé oògùn náà ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ikọ́ ife, ó sì ń dí ọ̀nà tí HIV ń gbà ràn. Nínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn ikọ́ ife sí lónìí, ìlà kan wà fún èsì àyẹ̀wò HIV, òmíràn wà fún ọjọ́ tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV. Nọ́ọ̀sì ló ń fi bírò kọ ọ́, lẹ́yìn tó bá ti pe aláìsàn wọlé tó sì ti bá a sọ̀rọ̀, nọ́ńbà tó bá kọ síbẹ̀ sì ni àwọn oníṣirò ń kó jọ láti fi wọn ilẹ̀kùn láàárín yàrá méjìlá wọ̀nyẹn.